Ìka Kẹfà Inú Àwo Ìmọ́lẹ̀

“Ìyá ẹlẹ́bi ń wọlé! Ẹ yà fún ìyá ẹlẹ́bi!”

Ohùn dídùn ni ẹnu ọ̀nà Ilé Ìwòlẹ̀ fi ké e, bí ohùn ẹni tó ń polówó ọṣẹ, bí Ìbíwùmí ṣe gbé ẹsẹ̀ lé ibẹ̀. Ẹ̀gbà fàdákà tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ ló ń bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀. Kò sí ibi tó lè dé ní Ìlú Pípé tí ẹ̀gbà náà kì í ti í rojọ́ rẹ̀: ilé ìwé, ilé àdúrà, ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń pọn omi. Bó bá sì jí láàárọ̀, kó tó kí ọkọ rẹ̀, ẹ̀gbà ni yóò kọ́kọ́ ka òfin tirẹ̀ sí i létí: “Ọwọ́ tó tì mí ni yóò ṣí mi, pẹ̀lú ìdí rẹ̀ lẹ́nu, létí gbogbo èèyàn. Ìyá tí a bá ṣí mi lọ́wọ́ rẹ̀ kò jẹ̀bi mọ́, a kò sì gbọdọ̀ fi omi ìtúnṣe kàn án.” Ìbíwùmí ti mọ ọ̀rọ̀ náà lórí. Àdúrà ló fi ń bò ó mọ́lẹ̀ láràárọ̀. Olúwa, ìwọ lo mọ̀ pé mi ò ṣe ọmọ mi níbi.

Àwọn aboyún tó kún gbọ̀ngàn, tí wọ́n wá wo ọlẹ̀ inú wọn, gbójú sókè. Mùtíátù, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Ìbíwùmí ní àdúgbò Odò-Ìgbín, fa etí aṣọ rẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé ẹ̀bi a máa ran èèyàn.

“Ìyá Tiwalọlá, ẹ̀yin náà tún lóyún? Ẹ kú àyà líle o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ àgbo tẹ́ ẹ mu nígbà yẹn fún wa, ká lè mọ èyí tá a máa sá fún.”

Ẹ̀rín sọ nínú gbọ̀ngàn.

“Àgbo ibà ni,” ni Ìbíwùmí dáhùn, kò sì dúró. “Ìyá ọkọ mi ló sè é. Ǹ bá fi ìkòkò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, Mùtíátù, ṣùgbọ́n wọ́n ti fọ́ ọ. Ìwọ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fọ́ ọ. O pàtẹ́wọ́.”

Mùtíátù yíjú sí ògiri.

Ilẹ̀kùn yàrá ìwòlẹ̀ ní ihò márùn-ún lọ́wọ́ ọ̀tún, márùn-ún lọ́wọ́ òsì, bíi ti gbogbo ilẹ̀kùn ìlú náà. Ìbíwùmí ti ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bọ̀ ọ́, ilẹ̀kùn sì yà. Ìgbàkígbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni inú máa ń bí i, nítorí Tiwalọlá, ọmọ rẹ̀, kò lè ṣí ilẹ̀kùn kankan níbi tí wọ́n bí i sí. Apá òsì ọmọ náà tán bó ṣe kọjá ìgúnpá. Ní ẹnu ibi tó tán sí, hóró ẹran wẹ́wẹ́ mẹ́fà tò síbẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ọmọdé. Ọmọ náà ń pè wọ́n ní àwọn ọmọ òun, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì sọ lórúkọ. Bí ìyá rẹ̀ bá ń wẹ̀ ẹ́, àfi kó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó lè bomi sí wọn lórí. Adérọ̀gbà, bàbá rẹ̀, ti kan ilẹ̀kùn igi kan sí ẹ̀yìnkùlé, irú èyí tí èèyàn ń fi èjìká tì, kí ọmọ náà lè ní ọ̀nà kan láyé tí yóò máa gbà wọlé láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ó lòdì sófin. Odidi àdúgbò ló sì mọ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́, Eyínafẹ́ mi,” ni Ìbíwùmí wí, ó sì fi orúnkún kanlẹ̀.

Dókítà Mọ́ládùn, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, yíjú kúrò níwájú ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bu omi sí Ìbíwùmí lẹ́sẹ̀ wọlé ọkọ ni kò ti pe orúkọ obìnrin yìí rí. Eyínafẹ́ ló sọ ọ́ nítorí àlàfo tó wà láàárín eyín rẹ̀, orúkọ náà sì tẹ́ onítọ̀hún lọ́rùn débi pé àwọn nọ́ọ̀sì pàápàá ti ń fi pè é lẹ́yìn.

“Dìde, ìyàwó wa, dìde. Oyún ò fẹ́ ìkúnlẹ̀. Adérọ̀gbà ńkọ́? Ọmọ mi ńkọ́?”

“Wọ́n wà. Tiwalọlá ní kí n kí yín. Ó ní àwọn ọmọ òun náà kí yín.”

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì yáa mójú kúrò. “Wá dùbúlẹ̀.”

Àwo ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó fẹ̀ tó ọpọ́n tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ. Kò sí ohun kankan nínú rẹ̀. Dókítà tẹ̀ sí i, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tójú ń tì.

“Ọmọ Olúgbódi, ọmọ aláwẹ́ mẹ́fà. Ọmọ ọwọ́ kún... ọmọ ọwọ́ kún...”

“Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà,” ni Aṣọ́lẹ̀ wí, ìyẹn ẹ̀rọ náà. “Ìlà kejì kò pé.”

“Mo mọ̀!” Ó yíjú sí Ìbíwùmí. “Ohùn wa ló ń ṣí i tẹ́lẹ̀, kí àwọn olè tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń jí ohùn èèyàn lò. Wọ́n wá ní oríkì ìdílé ló dáa jù, pé kò sí níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí, pé àjèjì kan ò lè gbọ́ ọ. Èmi tí mi ò rántí ohun tí mo jẹ lánàá.”

Ìbíwùmí ká ètè rẹ̀ mọ́ra. Ìyá Dókítà fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní oríkì náà, lórí ìkúnlẹ̀, láràárọ̀, ní gbogbo ọdún tí wọ́n jọ gbé. Ìyá náà a máa ní kí ìyàwó tún un kì bó bá fi ọ̀rọ̀ kan pere sílẹ̀. Ahọ́n ń yún un láti ran Dókítà lọ́wọ́. Àmọ́ Dókítà tún un gbìyànjú, ó sì rí i kì dópin. Àwo náà tàn.

Ọlẹ̀ náà léfòó nínú ìmọ́lẹ̀. Òun gan-an kò ju ẹ̀wà kan lọ, ẹ̀rọ ló mú un tóbi tó ọmọ ológbò. Ó ká kò, orí rẹ̀ tẹ̀ ba àyà, bí ẹni tó ń gbàdúrà. Ìbíwùmí kò mọ ìgbà tó wí pé, “Ọlọ́run mi, o ṣeun.”

Ohùn Dókítà yí padà. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ níbí yìí, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. “O rí ọkàn yẹn? Ó ń lù. Èyí tó rú yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí èéhù iṣu, apá nìyẹn. Kò tíì sí egungun níbẹ̀, kò tíì sí ìka, ẹran rírọ̀ lásán ni. Wo etí èéhù náà, bèbè rẹ̀ tó ń dán yìí. Òun ló ń sọ fún apá pé kó máa gùn: èjìká, ìgúnpá, ọrùn ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́. Wo igun ìsàlẹ̀ yìí náà, níbi tí ọmọńdinrín máa wà. Òun ló ń sọ irú ìka tí ìka kọ̀ọ̀kan máa jẹ́, àti iye tí wọ́n máa jẹ́. Àwọn méjèèjì ń dá ara wọn lóhùn ni, bí ẹni tó ń lé orin àti àwọn tó ń gbè é. Bí ọ̀kan bá dákẹ́, èkejì ò lè dá a kọ. Orin tán nìyẹn.”

“Ìgbà wo wá ni ìka ń yọ?”

“Ọwọ́ á kọ́kọ́ pẹlẹbẹ bí àjẹ̀ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹran tó wà láàárín á máa kú fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìka á sì yà sọ́tọ̀. Ikú ló gbẹ́ ìka wa, ìyàwó. Bí ẹran yẹn ò bá kú, á lẹ̀ pọ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ.”

Ìbíwùmí wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó tún wo ti Dókítà. Ní ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín Dókítà, lọ́wọ́ méjèèjì, àpá roboto kan wà tó tó hóró ìrẹsì. Ó ti ń rí i tipẹ́. Ìyá àgbà ti sọ ìtàn rẹ̀ fún un rí, pé ìka kẹfà ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i, pé òwú ni wọ́n fi so ó títí ó fi já, pé gbogbo ilé ló jó lọ́jọ́ ìkómọ rẹ̀ nítorí Olúgbódi, ọmọ oníka mẹ́fà, ti wọlé wá.

“Ìka mọ́kànlélógún ni à ń retí lára ọlẹ̀ yìí,” ni Aṣọ́lẹ̀ wí. Ohùn polówó-ọṣẹ yẹn náà ni. “Ọ̀kan lé lọ́wọ́ òsì. Òfin Ìka Ogún kàn án. Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, ẹ fún ìyá ní omi ìtúnṣe kó tó kúrò nínú yàrá. Ilẹ̀kùn kò ní ṣí kó tó gbà á.”

Ìbíwùmí gbé ọwọ́ lé inú rẹ̀.

“Ìka kan,” ló wí. “Ìka kan péré, Eyínafẹ́. Kí ló fẹ́ fi ṣe ẹnikẹ́ni?”

“Ilẹ̀kùn ò ní ṣí fún un. Ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ ò ní wọ̀ ọ́. Kẹ̀kẹ́ ò ní gbé e, ẹ̀rọ ò ní bu omi fún un. Ìwọ lo máa máa tẹ̀ lé e kiri títí o fi máa kú?”

“Ẹ gbẹ́ ihò kan kún ilẹ̀kùn.”

“Gbogbo ilẹ̀kùn ìlú? Nítorí ọmọ kan?”

“Ẹ kúkú ń gbẹ́ ọmọ nítorí ilẹ̀kùn.”

“Ìbíwùmí, èmi kọ́ ni mo ṣòfin.” Dókítà ti ń ṣí àpótí kékeré kan. “Omi yìí á kàn rọ ohùn igun yẹn díẹ̀ ni, kó má sọ̀rọ̀ jù. Ìka márùn-ún á yọ, á tán síbẹ̀. Ìyá tó ń gbọ̀nà òfin kì í jẹ̀bi. Bí ìwọ náà ò bá mu àgbo lọ́jọ́sí...”

Ó ṣí ìgò náà láti wò ó sí ìmọ́lẹ̀. Òórùn rẹ̀ sì gba yàrá kan.

Òórùn káfúrà ni, pẹ̀lú nǹkan dídùn kan nísàlẹ̀ rẹ̀, bí ọ̀pọ̀tọ́ tó ti pọ́n kọjá. Ìbíwùmí jókòó sókè lórí ibùsùn. Ó mọ òórùn yìí. Inú yàrá yìí ló ti gbọ́ ọ, nígbà oyún Tiwalọlá, tí ọwọ́ yìí kan náà gún un ní abẹ́rẹ́, tí wọ́n ní oúnjẹ ọlẹ̀ ni.

“Ẹ̀gbọ́n. Kí lẹ fún mi nígbà oyún Tiwalọlá?”

“Oúnjẹ ọlẹ̀.”

“Ó rùn báyìí.”

“Gbogbo oògùn ló ń rùn.” Dókítà dé ìgò náà. “Jẹ́ kí n lọ mú abẹ́rẹ́ wá nínú lọ́hùn-ún. Má ṣe yíra.”

“Ẹ fi ọ̀la apá náà hàn mí kẹ́ ẹ tó fún mi. Mo ti gbọ́ pé àwo yìí lè fi í hàn.”

“Àwọn ìyá kì í wò ó. Òfin ni.”

Ó wọ yàrá inú lọ. Àwo ìmọ́lẹ̀ ti kú bó ṣe kúrò nítòsí rẹ̀. Ìbíwùmí gbọ́ tí omi ń ṣàn níbi tí Dókítà ti ń fọ ọwọ́, omi náà ṣàn, ó ṣàn, bí ẹni pé nǹkan kan wà lára ọwọ́ yẹn tó kọ̀ láti lọ.

Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, ó kúnlẹ̀ níwájú àwo náà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Kò sáré, kò sì ta kókó:

“Ọmọ Olúgbódi, ọmọ aláwẹ́ mẹ́fà,
Ọmọ ọwọ́ kún, ọmọ ọwọ́ ò ṣófo.
Wọ́n ka ìka yín, ìka ṣẹ́kù sílẹ̀,
Wọ́n ní ta ló ni ìyókù?
Ẹ ní Ẹlẹ́dàá ló fi jíǹ yín,
Ẹ ní kò sẹ́ni tó lè gbà á padà.
Ìka kẹfà lẹ fi ń di igbá mú,
Ni igbá yín kì í já bọ́ láwùjọ.”

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti ro ti àjèjì, wọ́n ti ro ti olè. Wọ́n gbàgbé àwọn ìyàwó ilé. Àwọn ọmọ ìdílé ni wọ́n ń kì, àmọ́ ẹnu ìyàwó ni oríkì wà.

Àwo náà tàn. “Ẹ káàbọ̀, Dókítà,” ni Aṣọ́lẹ̀ wí. “Kí lẹ fẹ́ wò?”

Ìbíwùmí tẹ̀ sí i. “Ọ̀la apá òsì. Bí a bá fún un lómi.”

“Èyí tẹ́ ẹ wò láàárọ̀ yìí náà, nígbà tí ẹ̀gbà ìyá fi àwòrán ọlẹ̀ ránṣẹ́? Ó ti ṣe tán.”

Láàárọ̀ yìí. Ìbíwùmí di etí àwo náà mú.

Nínú ìmọ́lẹ̀, èéhù náà ń dàgbà. Etí rẹ̀ ń dán, igun ìsàlẹ̀ ń dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà, omi dé, bí òjìji tó wọ inú ilé. Igun náà ṣókùnkùn. Kò rọ ohùn, kò dín in kù: ó dákẹ́ pátápátá. Etí tó ń dán náà gbọ̀n, ó dán lẹ́ẹ̀kan sí i bí ẹni tó ń pe ẹni tí kò dáhùn, ó sì kú. Apá ti gùn dé ìgúnpá nígbà yẹn. Kò gùn mọ́. Gbogbo ara yòókù ń dàgbà lọ, orí ń tóbi, ẹsẹ̀ ń nà, apá ọ̀tún ń yọ ìka, ṣùgbọ́n ti òsì dúró síbi tí wọ́n fi í sí. Ní ẹnu rẹ̀, hóró ẹran wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, bí ìka tó gbìyànjú tí kò rí ibi dúró sí. Wọ́n tò bí ìlẹ̀kẹ̀ ọmọdé.

Kò nílò láti kà wọ́n. Ó ń kí wọn láràárọ̀. Ó mọ orúkọ wọn.

“Ìran Olúgbódi kì í gba omi yìí,” ni Aṣọ́lẹ̀ wí pẹ̀lú sùúrù. “Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe sọ fún yín, Dókítà. Ṣé kí n tún un fi hàn?”

“Tún un fi hàn,” ni ohùn Ìbíwùmí wí. Omi ti dákẹ́ ní yàrá inú. Dókítà Mọ́ládùn dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. “Tún un fi hàn, kí àwa méjèèjì jọ wò ó.”

“Ta ló ṣí i fún ọ?”

“Ìyá yín.”

Abẹ́rẹ́ náà bọ́ sórí tábìlì. Nínú àwo, apá náà tún dúró ní ìgúnpá.

“Gbọ́ mi,” ni Dókítà wí. “Ìbíwùmí, gbọ́ mi. Omi yìí ń ṣiṣẹ́ ire fún àwọn ẹlòmíràn. Ìran tiwa ni kò gbà á. Mi ò mọ̀ nígbà oyún Tiwalọlá. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀. Ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́, tí mo rí ẹnu apá yẹn, ni mo tó mọ̀.”

“Ẹ mọ̀ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀.”

“Lọ́jọ́ náà gan-an.”

“Lọ́jọ́ náà gan-an lẹ ti ẹ̀gbà mọ́ mi lọ́wọ́.” Ó gbé ọwọ́ náà sókè. “Ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ṣì wà lára mi. Ọmú mi ò tíì sọ̀. Ẹ bi mí pé kí ni mo mu, mo ní àgbo ibà, ẹ ní òun nìyẹn. Ẹ ò fẹ́ gbọ́ nǹkan míì. Ẹ rí ìdáhùn tó rọrùn, ẹ sì sá wọ inú rẹ̀ bí eku.”

“Wọ́n ní kí n mú ẹnì kan wá! Bí ọmọ bá wálé ayé láìpé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ̀bi. Tó bá jẹ́ omi ló jẹ̀bi, gbogbo Ilé Ìwòlẹ̀ máa wó. Wọ́n máa yọ ọwọ́ mi kúrò nínú gbogbo ilẹ̀kùn ìlú yìí. O mọ nǹkan tó túmọ̀ sí? Mi ò ní lè wọ ilé ara mi!”

“Tiwalọlá mọ nǹkan tó túmọ̀ sí. Ẹ bi í.”

Dókítà wo ilẹ̀.

“Ẹ jẹ́ ká fi tèmi sílẹ̀,” ni Ìbíwùmí wí. “Àjèjì ni mí nílé yín, wọ́n gbé mi wá ni. Ìyá tó bí yín lọ́mọ ńkọ́? Àwọn ló se àgbo yẹn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbé ìkòkò Màmá lọ sí gbangba ìlú, wọ́n fọ́ ọ lójú wọn. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ wọ aṣọ funfun, ẹ ń wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, Màmá ò gbé Tiwalọlá mọ́ra mọ́. Ẹ mọ̀? Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ á máa ké pè wọ́n, wọ́n á máa fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Títí wọ́n fi kú! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ ní láti sọ fún wọn, kódà kẹ́ ẹ yọ́ ọ sọ sí wọn létí. Màmá, ẹ̀yin kọ́. Ó tán. Ẹ ò sọ ọ́. Ẹ gbé wọn sin pẹ̀lú ẹ̀bi tiyín láyà wọn, Mọ́ládùn!”

Orúkọ náà dún nínú yàrá bí ìgbájú. Kò sí ìyàwó ilé Olúgbódi tó tíì ṣe irú rẹ̀ rí.

Dókítà jókòó sílẹ̀, kì í ṣe sórí àga. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó sì ń fi àtàǹpàkò ra àpá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín rẹ̀, bí ọmọdé tí wọ́n ti nà.

“Wọ́n jó fún mi,” ló wí. “Lọ́jọ́ ìkómọ mi. Màmá máa ń sọ ọ́.”

“Wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà,” ni Aṣọ́lẹ̀ wí. “Ìyá yìí kò tíì gba omi.”

Ìbíwùmí mú ìgò náà lórí tábìlì, ó ṣí i, ó sì dà á sílẹ̀ pátá. Òórùn káfúrà dìde.

“Wọ́n á gbé òmíràn wá,” ni Dókítà wí. Kò gbé orí sókè. “Bí mo bá kọ̀, wọ́n á pe dókítà míì. Bí ìwọ bá kọ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ á dì ọ́ mú, wọ́n á fún ọ. Mo ti rí i rí. Ilẹ̀kùn yẹn ò ní ṣí. Kò sí ọ̀nà, ìyàwó. Mo ti wá a. Ẹ̀rí Ọlọ́run, láti àárọ̀ tí mo ti rí ọlẹ̀ yẹn ni mo ti ń wá ọ̀nà.”

“Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń yà fún un ni.”

“Ọ̀nà wo?”

Ìbíwùmí fi ìka kan ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, ìyẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin tirẹ̀, pẹ̀lú ohùn dídùn yẹn, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń kà á láràárọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Tiwalọlá: “Ọwọ́ tó tì mí ni yóò ṣí mi, pẹ̀lú ìdí rẹ̀ lẹ́nu, létí gbogbo èèyàn. Ìyá tí a bá ṣí mi lọ́wọ́ rẹ̀ kò jẹ̀bi mọ́, a kò sì gbọdọ̀ fi omi ìtúnṣe kàn án.”

Dókítà gbé ojú sókè. Ó wo ẹ̀gbà náà, ó wo ògiri tó pààlà yàrá àti gbọ̀ngàn, níbi tí Mùtíátù àti àwọn aboyún yòókù jókòó sí, níbi tí ohùn rẹ̀ yóò ti jáde lẹ́nu gbogbo ẹ̀rọ bó bá sọ̀rọ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, ìka márùn-ún, ìka márùn-ún, tí gbogbo ilẹ̀kùn ìlú mọ̀.

“Wọ́n á gbọ́ ọ,” ló wí.

“Wọ́n gbọ́ ti àgbo náà.”

“Mi ò ní lè wọlé ara mi mọ́.”

“Ilẹ̀kùn igi kan wà ní ẹ̀yìnkùlé wa. Èjìká la fi ń tì í. Tiwalọlá á fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn yín.”

Dókítà sunkún nígbà náà, láìdún. Ìbíwùmí kò bá a sunkún. Ìbínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ lódindi. Kò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run sì mọ̀ pé kò tíì gbàdúrà pé kí òun lè dárí jì wọ́n. Nínú àwo, ọlẹ̀ náà ti padà sí bí ó ṣe rí gan-an lónìí: kékeré, orí rẹ̀ tẹ̀ ba àyà, èéhù apá rẹ̀ ń dán, etí ń lé orin, igun ń gbè é.

Ó kúnlẹ̀ síwájú obìnrin tó jókòó sílẹ̀ yẹn, ojú wọn sì bára mu. Ó na ọwọ́ tó wà nínú ẹ̀gbà sí i.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí i.”